Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ilé Yín Lọ sí Key Largo, Kí Ẹ sì Tún Lè Gbé E Kúrò

Àbúrò mi pè mí láti Houston lóṣù Kọkànlá tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ra ọkọ̀-ilé o. Kí ni kí n ṣe báyìí kí n lè wá bá yín ní Key Largo?" Mo kí i kú oríire, mo wá bi í pé, "Táyà rẹ̀ ńkọ́? Ọdún wo ni wọ́n ṣe wọ́n?" Kò rí èsì fọ̀. Mo ní kó lọ wò ó, kó wá pè mí padà.

Ọ̀rọ̀ ẹja àti omi aró ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ táyà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ilé rẹ̀ lọ sétí òkun, kó mọ̀ pé ọjọ́ kan lè dé tí ìjọba yóò ní kó gbé e kúrò kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọkọ̀ tí kò bá lè gbéra lọ́jọ́ náà ti di àgọ́ páànù nìyẹn, ìjì ló sì ni ín. Ohun tí mo ti ń wí fún àbúrò mi láti ìgbà náà ni mo kọ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Apẹja ni bàbá mi, inú ọ̀sà ni mo ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí n tó mọ̀wé kà. Mo fi ọdún 14 wa ọkọ̀ akẹ́rù gbọọrọ káàkiri Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 49 ni mí nígbà tí mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n mòòkùn, nínú adágún Travis lẹ́bàá Austin. Ọdún kẹrin rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ń gbé Key Largo láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá títí di ìparí oṣù Karùn-ún, nínú ọkọ̀-ilé tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 27. Ọkọ̀-ilé ni mo ń pe ohun tí àwọn ará ibí ń pè ní RV: ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnì tirẹ̀ ló sì ń gbé e rìn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Key Largo?

Erékùṣù tó dára fún ìmòòkùn pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé ilé yín débẹ̀. Ẹ ó san owó ẹrù, ẹ ó san owó aṣọ́bodè, bí ìjì bá sì ń bọ̀, kò sí ọ̀nà àtisá. Florida Keys, tí Key Largo jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ erékùṣù ni wọ́n, ní ìsàlẹ̀ pátápátá Florida, títì kan tí wọ́n ń pè ní US-1 ló so wọ́n pọ̀: máìlì 113, afárá 42. Láti Houston, ọ̀nà náà lé ní 1,200 máìlì, ẹ ò sì ní kan ọkọ̀ ojú omi kankan lójú ọ̀nà.

Ojú irin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe síbẹ̀. Henry Flagler ló ná owó rẹ̀, reluwé àkọ́kọ́ wọ Key West ní 1912. Ìjì líle ti ọdún 1935 gbá a lọ, ó pa ju 400 ènìyàn lọ, nígbà tó sì di 1938, wọ́n ṣí títì tí à ń gbà lónìí. Ibojì ìrántí àwọn tó kú wà ní Islamorada, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó kọjá Key Largo díẹ̀. Wọ́n gbẹ́ igi ọ̀pẹ tí atẹ́gùn ń tẹ̀ àti ìgbì òkun sára òkúta rẹ̀. Ẹ yà síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé, kí ẹ tó rí omi aró yẹn tó máa ń múni gbàgbé nǹkan.

Ní ti ojú ọjọ́, ilé ni. Òtútù tó le jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní Key West kò kọjá 41°F. Tí yìnyín bá ń já bọ́ ní Chicago, àwa ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó síta.

Nọ́ńbà máìlì ni àdírẹ́ẹ̀sì níbẹ̀. Pátákó kékeré aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: MM (mile marker, àmì máìlì) 0 ni Key West, Key Largo sì wà ní àgbègbè MM 100. Bí ẹnikẹ́ni bá júwe ilé ìtajà fún yín, nọ́ńbà yẹn ni yóò sọ, yóò wá fi kún un bóyá ìhà òkun ni tàbí ìhà ọ̀sà.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹ wo ara táyà. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà nígbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọkọ̀-ilé kì í rìn púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ojú táyà rẹ̀ fi máa ń dà bíi tuntun, àmọ́ oòrùn á ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó bá ti pé ọdún mẹ́fà tàbí méje, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kódà kó ṣì máa dán. Nígbà tí àbúrò mi lọ wo tirẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ni. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló pààrọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní ọdún 14 tí mo fi wa ọkọ̀, mo ti rí ohun tí táyà iwájú tó bẹ́ lórí eré máìlì 65 ní wákàtí kan máa ń ṣe.

Lẹ́yìn táyà, ìwúwo ló kàn. Ìwé pélébé kan wà lára ọkọ̀, nítòsí ilẹ̀kùn, tó sọ iye ẹrù tó lè gbé. Ẹ kà á kí ẹ tó ra ohunkóhun. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju pọ́n-ùn mẹ́jọ lọ, táńkì omi wa tó gba gálọ́ọ̀nù 40 sì ti jẹ́ pọ́n-ùn 330 ó lé nìkan. Sìlíńdà afẹ́fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń lò, tí wọ́n ń pè ní 80, tó pọ́n-ùn 31 lófìfo, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì tó pọ́n-ùn mẹ́fà. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni a ní. Òjé tí à ń so mọ́ ìbàdí wà níbẹ̀, ata lílọ̀ wà nínú fíríìjì, gaàrí wà lábẹ́ ibùsùn torí kò sí ibi tí ẹ ti máa rí gaàrí Ìjẹ̀bú rà ní Keys. Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ wọlé tán, mo wa ọkọ̀ lọ sórí ìwọ̀n àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ó fi pọ́n-ùn 410 wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹrù kalẹ̀: ọ̀pọ́n ayò, àga mẹ́rin, ìkòkò ńlá tí ìyàwó mi fi ń dáná àríyá. Ó dùn ún, àmọ́ ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀. Omi náà, kò sídìí tí ẹ fi máa pọn ọ́n láti Houston. Ìdámẹ́rin táńkì tó fún ojú ọ̀nà, ẹ ó bu ìyókù tí ẹ bá dé.

Ẹ fa ọkọ̀ kékeré kan tẹ̀lé ara yín bí agbára bá gbé e. Kò sí ẹni tó fẹ́ máa yọ wáyà iná àti hóòsì ilé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iyọ̀ ọbẹ̀ bá tán.

Ibi tí ẹ ó gúnlẹ̀ sí

Kò sí pé ẹ máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Keys. Ọlọ́pàá á kan ilẹ̀kùn, wọn á ní kí ẹ máa lọ. Inú ọgbà tí wọ́n ti pèsè iná, omi àti ihò ìdọ̀tí ni ẹ gbọ́dọ̀ wà, ibẹ̀ ni owó yín sì máa bá lọ. Ní ọgbà aládàáni, alẹ́ kan lè ju 100 dọ́là lọ nígbà òtútù. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Florida rọjú gan-an. Pennekamp wà ní MM 102.5, Curry Hammock wà ní MM 56, Bahia Honda wà ní MM 37. Àmọ́ ilé ayé ló ń lé wọn. Àwọn olùgbé Florida lè gba àyè lóṣù 11 ṣáájú, àwa ará ìta lóṣù 10, ẹ ò sì lè lò ju alẹ́ 14 lọ níbì kan. Èmi máa ń jí ní ìdájí lóṣù Kejì láti gba àyè oṣù Kejìlá.

A máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Pennekamp, a ó kó lọ sí ọgbà aládàáni tó ń gba owó oṣù, a ó tún padà bí àyè bá yọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ráhùn nípa kíkó yìí. Èmi kì í ráhùn. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ṣì ń dáhùn, pé bíréèkì kò tíì lẹ̀ mọ́ra, pé eku kò tíì jẹ wáyà. Aládùúgbò wa kan tó ti gúnlẹ̀ síbì kan fún ọdún mẹ́ta kan pákó mọ́ iwájú ọkọ̀-ilé rẹ̀, ó ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbin òdòdó. Ó lẹ́wà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ láti tún páìpù ṣe, tí wọ́n ní kó sún síwájú díẹ̀, ọkọ̀ náà kò dáhùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tú pákó, ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ló sì gbé ilé náà kúrò, lọ́jọ́ tí oòrùn ràn, tí atẹ́gùn kankan kò fẹ́.

Omi ìfọbọ́ àti omi ìwẹ̀ yín, inú ihò ìdọ̀tí ni kó lọ, kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Òkúta ẹfun oníhò ni ilẹ̀ Keys. Ohun tí ẹ bá dà sí i kì í pẹ́ dé òkun, orí ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá ni yóò sì bọ́ sí.

Iyọ̀

Ohun tó ń jẹ ọkọ̀-ilé létí òkun kì í ṣe olè. Iyọ̀ ni. Ẹ ò ní rí i, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ahọ́n kan irin ilẹ̀kùn ní àárọ̀, ẹ ó tọ́ ọ wò.

Lóṣù Kejì ọdún àkọ́kọ́ wa, nǹkan bí aago méjì òru, ìyàwó mi fọwọ́ tọ́ mi. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ dìde, nǹkan ń jóná." Mo gbọ́ òórùn rọ́bà. Amúlétutù ń dún, ó ń ràn mọ́lẹ̀, ó tún ń gbé ohùn sókè, bíi ti ẹni tí ikọ́ ń há mọ́ láyà. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo jáde láìwọ bàtà. Níbi òpó iná tí wọ́n ti ń fa iná fún ọkọ̀ wa, rọ́bà orí plọ́ọ̀gì ti rọ̀ bí àbẹ́là. Mo pa iná lára òpó náà kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nígbà tí mo yọ plọ́ọ̀gì, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta ti dúdú, nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì rèé, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé kan lẹ̀ mọ́ bàbà. Iyọ̀ ti jẹ bàbà yẹn. Nígbà tí irin àti irin kò fara kan ara wọn dáadáa mọ́, iná tó ń kọjá láàárín wọn á di ooru. Iṣẹ́jú mélòó ló kù kó mú pákó, mi ò mọ̀. A fi fèrèsé ṣíṣí àti abẹ̀bẹ̀ sùn mọ́jú.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mo máa ń wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ọgbà kí n tó ki nǹkan bọ̀ ọ́. Bí ó bá ti dúdú tàbí tó ní ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé nínú, mo ń béèrè àyè míì. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń dáàbò bo ọkọ̀ lọ́wọ́ iná tó bá ga jù tàbí tó lọọlẹ̀ jù, ó máa ń wà láàárín òpó àti wáyà wa. Mo máa ń fi gíríìsì iná mànàmáná pa ẹsẹ̀ plọ́ọ̀gì. Alaalẹ́ ni mo sì ń fọwọ́ kan orí rẹ̀ kí n tó wọlé sùn: tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú, tó bá gbóná, mo dín ohun tí à ń lò kù. Àwa tí iná wa jẹ́ 30 amp, amúlétutù kan ń gba bíi 13, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná ń gba bíi 12, máíkíróweefù ń gba bíi 13. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ ó rí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, mo ń fi omi tútù fọ abẹ́ ọkọ̀, ibi tí irin rẹ̀ wà. Ibi tí ó bá ti ń dípẹtà, mo ń ha á, mo ń kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la.

Ohun èlò ìmòòkùn náà ń kó iyọ̀ wọlé. Mo gbé ike ńlá kan síta, mo rọ omi tútù kún un. Ohun tí à ń fi ẹnu mí, regulator, òun ló gbẹgẹ́ jù. Ẹ nu ìdérí rẹ̀ gbẹ, ẹ dé e mọ́ orí rẹ̀ pinpin kí ẹ tó rì í bọ omi, ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì iwájú rẹ̀ nígbà tó bá wà nínú omi, torí omi á gba ibẹ̀ wọ inú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Aṣọ rọ́bà kì í sùn nínú ilé wa. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ rí, nínú ilé ìwẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́ta aṣọ àdìrẹ ìyàwó mi tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìtòsí ti bu. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Èyí tiwa ń fa tó garawa kékeré kan lóòjọ́.

Inú omi

Ẹ má rò pé ẹ ó kàn rìn láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ yín wọ inú òkun, kí ẹ bá ẹja. Àpáta iyùn wà ní máìlì márùn-ún sí mẹ́fà sí etí omi. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ilé ìmòòkùn ló ń gbé ènìyàn lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ sì máa ń rì kí ẹ tó padà. Tí atẹ́gùn bá ti ju nọ́ọ̀tì 20 lọ, kò sí lílọ. Àwọn tó wá fún ọjọ́ mẹ́ta péré máa ń bínú padà sílé. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò níṣòro, yóò gún iyán rẹ̀, yóò sì dúró de ọjọ́ tí omi bá tòrò. Èyí gan-an ni èrè gbígbé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin ọmọ etídò bíi tèmi. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ẹ̀pẹ́, tí a bá mòòkùn, a máa ń di èémí mú, ẹni tó bá pẹ́ jù lábẹ́ omi ni akọni. Ara mi kò gbàgbé. Lọ́jọ́ tí mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní adágún Travis, mo ń bọ̀ lókè, mo sì ti di èémí mú láìmọ̀. Olùkọ́ mi gbá sìlíńdà mi lẹ́yìn gbàgà, ó fi ọwọ́ hàn mí: mí jáde. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fà sínú nísàlẹ̀ máa ń fẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń gòkè, tí kò bá rọ́nà jáde, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò fà ya. Ẹ máa mí ṣáá. Ẹ má sáré gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ níṣẹ́jú kan, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ẹsẹ̀ bàtà 15. Àwọn ọmọ yín tó bá fi ọkọ̀ òfuurufú wá kí yín, tí wọ́n sì bá yín mòòkùn léraléra, kí wọ́n dúró tó wákàtí 18 kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà.

Sìlíńdà ní òfin tirẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yẹ inú rẹ̀ wò, lọ́dún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fi omi dán agbára rẹ̀ wò. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, kò sí ilé ìmòòkùn tó máa rọ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ fi okùn dè é nínú ọkọ̀, kí ẹ má sì fi èyí tó kún sílẹ̀ nínú ọkọ̀ títì pa lábẹ́ oòrùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò jìn. Ère Kristi tí wọ́n gbé sínú omi ní 1965 wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25, apá rẹ̀ méjèèjì nà sókè, oòrùn ń dé ibẹ̀ kedere. Molasses Reef náà dára, ìyàwó mi tí kì í gbé sìlíńdà máa ń fi gíláàsì ojú àti páìpù wo ẹja láti òkè omi níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ìwé ẹ̀rí kejì, tó fún yín láyè dé ẹsẹ̀ bàtà 100, ẹ lọ wo Spiegel Grove. Ọkọ̀ ológun ojú omi ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 510. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì í ní 2002. Ó kọ́kọ́ dojú dé, wọ́n ṣe é ṣe é, ẹ̀gbẹ́ ló fi dùbúlẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, lóṣù Keje 2005, ìjì kan tí wọ́n ń pè ní Dennis kọjá, ó sì gbé ọkọ̀ náà dìde dúró lórí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, níbi tí omi ti jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 130 lọ. Mo di irin rẹ̀ mú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ìṣàn omi ń fà mí bí àsíá, mo sì ń ro ilé mi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 27 lọ, tó dúró lórí táyà mẹ́fà létí òkun.

Àpáta iyùn kì í ṣe òkúta lásán. Ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn ló ń kọ́ ọ, bí ikán ṣe ń kọ́ ilé rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má dúró lé e. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2023, ẹ̀rọ ìwọ̀n ní Manatee Bay, lẹ́bàá Key Largo, ka ooru omi dé 101.1°F. Iyùn funfun bí egungun lọ́dún náà, púpọ̀ kú. Nígbà tí a padà dé lóṣù Kejìlá, mo wá ibì kan tí mo mọ̀ dáadáa, ibi tí iyùn oníwo ti máa ń yà bí ìwo àgbọ̀nrín. Àjókù ni mo bá, ewéko omi ti bò ó. Omijé dé sójú mi nínú gíláàsì. Coral Restoration Foundation ní ilé iṣẹ́ ní Key Largo, wọ́n máa ń so iyùn kéékèèké rọ̀ sára páìpù bí èso lára igi lábẹ́ òkun, tó bá dàgbà wọn á gbìn ín. Àwọn amòòkùn lè bá wọn ṣiṣẹ́. Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì ha ewéko kúrò lára àwọn igi náà. Bí ẹ bá máa gbé ibẹ̀, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ mélòó kan fún un.

Oúnjẹ kò ní yọ yín lẹ́nu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ wà ní ọjà àwọn ará Cuba ní Homestead, ìlú tí ẹ ó kọjá kí ẹ tó wọ Keys. Ní Key West, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní bollos. Ẹ̀wà ni wọ́n lọ̀, wọ́n fi áyù sí i, wọ́n dín in. Ìyàwó mi jẹ ọ̀kan, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, àkàrà nìyí." Àwọn ará Cuba ló gbé e dé ibẹ̀, àwa náà sì mọ ẹni tó gbé e dé Cuba.

Ọjọ́ ìkúrò

Àsìkò ìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ó parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má sí níbẹ̀ rárá lásìkò náà. Irma wọlé ní Cudjoe Key ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2017, ó fọ́ ilé tó ní ìpìlẹ̀, kí ni ẹ rò pé ó ṣe fún ọkọ̀-ilé? Bí ẹ bá yàn láti dúró, ẹ mọ̀ pé àwọn ọkọ̀-ilé àti àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kó lọ, ṣáájú àwọn onílé, torí títì kan náà ni gbogbo ènìyàn yóò gbà. Ẹ má jẹ́ kí epo yín wálẹ̀ ju ìdajì táńkì lọ. Ẹ má jẹ́ kí táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ kún.

Kí ẹ sì máa ṣe ìdánrawò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, èmi àti ìyàwó mi máa ń wo aago, a ó bẹ̀rẹ̀: òun ń kó inú ilé, ó ń ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń pa gáàsì, èmi ń da ìdọ̀tí, mo ń yọ hóòsì, mo ń pa iná lára òpó kí n tó yọ wáyà, mo ń di sìlíńdà, mo ń so ọkọ̀ kékeré mọ́ ẹ̀yìn. A ó yí ọgbà po lẹ́ẹ̀kan, a ó padà. Lọ́dún àkọ́kọ́, wákàtí mẹ́ta ló gbà wá. Báyìí, ìṣẹ́jú 55. Lórí afárá gígùn, pàápàá Seven Mile Bridge, tí atẹ́gùn bá ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo ń dín eré kù dé máìlì 45 ní wákàtí kan, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítiàrin. Ẹni tó wà lẹ́yìn lè fọn fèrè bó bá ṣe wù ú.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún, kí a tó tú ilé, a máa ń gbé ọkọ̀ kékeré lọ sí Key West. Máìlì 100 ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà lọ. Ní etíkun tí wọ́n ń pè ní Higgs Beach, ibojì àwọn ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀. Ní 1860, àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà mú ọkọ̀ akẹ́rú mẹ́ta, Wildfire, William àti Bogota, wọ́n kó ènìyàn 1,432 inú wọn wá sí Key West. Àìsàn àti ìyà ojú omi ti ba ara wọn jẹ́. Nínú wọn, 295 kú láàárín oṣù mélòó kan, etíkun yẹn ni wọ́n sin wọ́n sí. Àwọn tó kù ni wọ́n kó lọ sí Liberia. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbàgbé ibẹ̀, àfìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ ní 2002 tí wọ́n sì rí ojú oórì. Láti Ouidah ni Bogota ti gbéra, èbúté kan náà tí wọ́n ti kó àìmọye Yorùbá.

Ìyàwó mi máa ń bọ́ bàtà kó tó dé ibẹ̀. Ó máa ń gbé ìgò omi tútù dání láti ilé, kì í ra ti ọjà. Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí, ẹran ń jóná lórí ààrò, ó sì rọra kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó da omi náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ẹ mu omi." Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí èsì. Ibẹ̀ kò jìnnà sí MM 0, àyè ìgbọ́kọ̀sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì pọn omi dání.